Wọ́n ní kí n gbé Land Rover mi wá gba Benz 230E, ẹ bá mi dá sí i

Ajílété109

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan wà ńlẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí, torí àwọn tó yí mi ká níbí, oníkálùkù ló ń sọ tiẹ̀, ẹni tó ní kí n ṣe é lónìí á tún ní kí n má ṣe é lọ́la.

Mo ní Land Rover Series III, èyí tó gùn, 109 tí wọ́n ń pè é. Níbi gbàǹjo ni bàbá mi ti rà á nígbà tí iléeṣẹ́ kan ń ta àwọn àlòkù mọ́tò ẹ̀, wọ́n sì lò ó títí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ fi kú pátápátá. Nígbà tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo tún un tò láti ilẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Toyota 22R, èyí tó máa ń wà nínú Hilux ayé ọjọ́un, la gbé sí i, onílátì kan níbí ló bá wa gé irin pẹlẹbẹ tó so ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́ gíá Land Rover, kò sẹ́ni tó gbà pé ó máa bá a mu àfìgbà tó bá a mu. Wẹ́dà ṣe bọ́ńpà irin síwájú, mo fi wíǹṣì tó ń fi wáyà fa mọ́tò jáde nínú ẹrẹ̀ sí i, táyà olójú gàǹgà mẹ́rin, síìtì tuntun, a wá kùn ún ní àwọ̀ ewé. Tí mo bá gbé e kọjá ní Tákìe n'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí báyìí, àwọn ọlọ́kadà á dúró wò ó.

Bàbá kan l'Ọ́yọ́ rí i nígbà tí mo gbé e lọ síbi ìnáwó kan, àtìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí. Wọ́n ní Mercedes 230E, irú èyí tí wọ́n ń pè ní W123, ti ọdún 1983, wọ́n ní ká kàn pààrọ̀ ẹ̀ gbọọrọ, mọ́tò sí mọ́tò, kẹ́nikẹ́ni má fowó lé e. Mo ti rí Benz náà lẹ́ẹ̀kan, funfun ni, inú ẹ̀ mọ́, àwọn irin tó ń dán lára ẹ̀ pé.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé owó tí mo ti ná sórí Land Rover yìí, tó bá jẹ́ ilẹ̀ ni mo fi rà, mo ti ní plọ́ọ̀tì méjì lápá Aroje. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti ń gbé mi lọ Ìbàdàn déédéé báyìí, oko wa sì wà lápá Sùúrùlérè tiwa níbí, kì í ṣe ti Èkó, ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ìyàwó mi fẹ́ Benz. Àbúrò mi ní tí mo bá fi Land Rover yìí sílẹ̀ òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kí lẹ rí sí i? Kí ni kí n yẹ̀ wò lára Benz yẹn? Ṣé gbọọrọ yẹn dáa àbí kí n béèrè owó?

ỌmọLAUTECH

Benz ni jàre ẹ̀gbọ́n! Ẹ ṣáà rántí gbé mi tẹ́ ẹ bá ń kọjá níwájú géètì wa.

MẹkáníìkìSábó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń lẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹwà sápá kan ná. Ọ̀nà wo ni mọ́tò yìí máa rìn jù? Tó bá jẹ́ ti Ìbàdàn ni, ẹ ti dá ara yín lóhùn. Ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ gbé sí i yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, 2.4 lítà, kì í ní wàhálà, ó sì lágbára ju 2.25 tó bá a wá láti ilé lọ, ṣùgbọ́n ṣé ẹ ro ti bíréèkì mọ́ ọn? Dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Series III, àwọn tó ṣe é ò lérò pé ẹnì kan máa fi sáré gba ẹ̀gbẹ́ tírélà kọjá lọ́nà Ọ̀yọ́. Ẹ wá tún fi táyà ńlá lé e, táyà ńlá yẹn sì ń mú kí bíréèkì ṣe wàhálà kó tó dúró. Sípíríǹgì ẹlẹ́wé níwájú lẹ́yìn, sìtíárìn tẹ́ ẹ máa fi apá méjèèjì yí. Kẹ́ ẹ tó dé Mọ́níyà, ẹ̀yìn á ti máa ro yín. Benz 230E ńkọ́, dísìkì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ epo náà wà ńbẹ̀. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, àwọn oníbàárà mi tó ní jíìpù ńlá ti sọ ọ́ di mọ́tò ọjọ́ Sátidé. 109 wúwo, iwájú ẹ̀ gbòòrò, afẹ́fẹ́ ń tì í, ẹ́ńjìnnì yòówù kẹ́ ẹ gbé sí i ó máa mu epo ni.

Ṣé bíréèkì ẹ̀ ṣì ni ti àtijọ́ yẹn?

Ajílété109

Dúrọ́ọ̀mù náà ṣì ni ọ̀gá. A pààrọ̀ ṣúù bíréèkì gbogbo ẹ̀, a tún un sẹ́ẹ̀tì, ó ń mú, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti rí ohun tó wà níwájú láti òkèèrè kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ṣakí4x4

Mi ò fara mọ́ ohun tí ọ̀gá mẹkáníìkì sọ o, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Òkè Ògùn ni mo wà, tójò bá ti rọ̀ tán, mo mọ ohun tójú àwọn onímọ́tò kéékèèké ń rí lọ́dọ̀ wa. Mọ́tò tó ń gbé èèyàn jáde nínú ẹrẹ̀, wọ́n ní kẹ́ ẹ fi gba mọ́tò tó máa há síbẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ara Land Rover yẹn, alumíníọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ẹ̀, kò lè dípẹtà bíi ti Benz. Ohun tó ń jẹ ẹ́ ni ṣáàsí àti irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àtẹ́sẹ̀ awakọ̀, ẹ sì ti tún ìyẹn ṣe. 1971 ni Series III bẹ̀rẹ̀, 1985 ni wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró, wọn ò ní ṣe òmíràn mọ́. Iléeṣẹ́ Leyland tó wà n'Ìbàdàn náà to Land Rover nígbà ayé ẹ̀, ẹ yẹ pátíkúlà yín wò dáadáa, ó lè jẹ́ ọmọ Ìbàdàn lẹ ní nílẹ̀. W123 ńkọ́? Wọ́n ṣe tó mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ó lé láàárín 1976 sí 1985. Tẹ́ ẹ bá ṣe sùúrù, Benz míì á wá. Land Rover tẹ́ ẹ bá gbé jáde, kò ní padà.

Ohun kan ṣoṣo tí mo máa sọ tí kò ní dùn mọ́ yín nínú ni pé àwọn tó ń kó mọ́tò àtijọ́ jọ, tí wọ́n ń fowó gidi rà á, bó ṣe jáde láti iléeṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ ẹ. Ẹ́ńjìnnì Toyota yẹn dùn ún wà, ṣùgbọ́n ó gé lára owó ẹ̀ lójú irú wọn. Ẹ́ńjìnnì ilé ẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ ti tà á fún onírin àlòkù?

Ajílété109

Ó wà lẹ́yìn ilé lórí táyà méjì. Adìyẹ ìyá mi ń yé sábẹ́ ẹ̀.

Ṣakí4x4

Ẹ lé adìyẹ yẹn kúrò! Ẹ da epo ẹ́ńjìnnì sínú ihò pọ́lọ́ọ̀gì ẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ má jẹ́ kójò rẹ̀ ẹ́ mọ́. Nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì yẹn ló wà nínú ìwé mọ́tò yín. Ẹni tó bá gba Land Rover yẹn tó sì gba ẹ́ńjìnnì yẹn pẹ̀lú, nǹkan méjì ló gbà, ẹ má kó méjèèjì fún un lówó ẹyọ kan.

ÌyáKaṣú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ irin, èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ oko.

Àbúrò mi Ajílété, kí lẹ ń kó ní Sùúrùlérè? Tó bá jẹ́ kaṣú ni, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ yìí dẹ́rù bà yín. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni kaṣú ń bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ dáadáa, ó ń lọ títí oṣù kẹrin, ẹ̀ẹ̀rùn ni gbogbo ìgbà yẹn, ilẹ̀ le kankan, eruku ló ń dà wá láàmú kì í ṣe ẹrẹ̀. Benz tẹ́ ẹ bá rọra wà á máa dé etí oko, àwọn alábàárù á gbé àpò wá bá yín. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ Ṣakí yìí máa jẹ́ òtítọ́ ni ìgbà àgbàdo àti iṣu, nígbà tójò bá ti mú ilẹ̀. Ẹ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ ń wọ oko láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá kẹ́ ẹ tó fèsì. Èmi kò ní mọ́tò kankan tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin fà, pickup ni mò ń háyà nígbà ìkórè, tí ìkórè bá parí, onípickup a wa mọ́tò ẹ̀ lọ, mi ò mọ̀ bóyá táyà ẹ̀ jò àbí kò jò.

Ọ̀rọ̀ owó tẹ́ ẹ ní ẹ ti ná yẹn, ẹ má bínú, ẹ gbàgbé ẹ̀. Tí mo bá ra kaṣú lówó gọbọi, tí iye rẹ̀ wá já wálẹ̀ lọ́jà, kò sí oníbàárà tó máa bi mí ní iye tí mo rà á kó tó dá owó lé e. Iye tí bàbá Ọ̀yọ́ yẹn lè fi ra irú Land Rover bẹ́ẹ̀ níbòmíràn lẹ máa wò, kì í ṣe iye tí onílátì gbà lọ́wọ́ yín.

Ṣakí4x4

Ìyá, mo gbọ́ ti kaṣú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó yẹn, irú Land Rover tí wọ́n tún tò bẹ́ẹ̀ kò sí níbòmíràn tí bàbá máa ti rí i rà. Èyí tó wà lọ́jà, ẹni tó bá rà á ló máa jẹ ìyà tí Ajílété ti jẹ. Ìyẹn náà lówó tiẹ̀.

ÌyáKaṣú

Ó lówó tiẹ̀, mi ò jiyàn. Mo kàn ní kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa padà.

BàbáÀkẹ̀sán

Ajílété ọmọ mi, mo kí ọ. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ dára, àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó béèrè ohun tó yẹ kí á kọ́kọ́ béèrè. Orúkọ ta ló wà nínú pátíkúlà Benz náà? Orúkọ ta ló wà nínú ti Land Rover? Bàbá rẹ lo pè, ṣé o ti yí i sí orúkọ ara rẹ?

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ́ńjìnnì tí ẹ gbé sínú Land Rover, nọ́ńbà rẹ̀ kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé. Ní ọ̀nà Ìbàdàn tí ọlọ́pàá bá ní kí o ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó yẹ nọ́ńbà wò, bóyá ìwọ lo wà nínú rẹ̀ tàbí bàbá Ọ̀yọ́ ni, àlàyé ni ẹ ó máa ṣe lábẹ́ oòrùn. Wá rísíìtì tí o fi ra ẹ́ńjìnnì Toyota yẹn, tí kò bá sí, lọ bá ẹni tó tà á fún ọ kí ó kọ ìwé. Lọ búra ní kóòtù, gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe láísẹ́ǹsì mọ́tò kí wọ́n tún nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kọ. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ mọ́tò, CMR tí wọ́n ń pè é, yẹ nọ́ńbà ṣáàsí Benz yẹn wò níbẹ̀ pẹ̀lú kí ẹ tó jọ jókòó dúnàá-dúràá. Ẹnì kan ládùúgbò wa gba mọ́tò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ní irú pàṣípààrọ̀ báyìí, ìwé méjèèjì kò kúrò lórúkọ àtijọ́, títí di òní, tí ọ̀kan bá lọ kọlu nǹkan, ẹni tí kò sí ńbẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri.

Kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, ìwé ni kí o kọ́kọ́ gbà.

Ajílété109

Ẹ ṣé gan-an bàbá, kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Mo ti yí ti Land Rover sórúkọ mi. Ti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ni mi ò tíì ṣe. Rísíìtì wà.

Ọjọ́ Sátidé yìí ni mo ń lọ wo Benz yẹn dáadáa, ẹ sọ ohun tí mo máa wò.

Páńẹ́ẹ̀lìÒwódé

Ọ̀gá, èmi ni kẹ́ ẹ gbọ́ tèmi, iṣẹ́ mi nìyẹn. W123 tó bá funfun tó sì ń dán, ibi tí mo ti máa ń fura nìyẹn. Kùn tuntun lè bo ohun tó pọ̀.

Ẹ wá mágnẹ́ẹ̀tì kékeré, èyí tí wọ́n ń yọ lára sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kó má ha kùn wọn, ẹ gbé e mọ́ ara mọ́tò ẹ máa wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀. Níbi tó bá ti já bọ́ tàbí tó bá di í mú wọ́ọ́rọ́wọ́, pọ́tì ló wà ńbẹ̀, irin ti lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ lọ sí etí táyà, ẹ lọ sí ẹ̀yìn iná iwájú níbi tí ẹrẹ̀ máa ń lúgọ sí. Lábẹ́ ilẹ̀kùn, ihò mẹ́rin ló wà tí wọ́n ń ki jáàkì bọ̀, méjì lọ́tùn-ún méjì lósì. Ẹ tẹ ìka bọ inú ẹ̀. Tí irin bá ń ya bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ, torí ibẹ̀ ló ń gbé mọ́tò dúró.

Tó bá kan bùútù, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ pátápátá, ẹ yọ síteepínì, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo kòtò tó wà níbẹ̀ àti kòtò kékeré tó wà lọ́tùn-ún lósì lẹ́yìn táyà. Rọ́bà gíláàsì ẹ̀yìn W123 tó bá ti gbó, omi òjò máa ń gba abẹ́ ẹ̀ wọ bùútù láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ da gálọ́ọ̀nù omi kan sórí gíláàsì yẹn, kẹ́ ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ bùútù. Abẹ́ bátìrì náà, ẹ gbé bátìrì kúrò, ásíìdì ń jẹ irin ibẹ̀.

Bàbá tó bá ní kẹ́ ẹ má ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ ìdí ẹ̀.

MẹkáníìkìSábó

Èmi á bá yín lọ tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ kàn gbé owó mọ́tò. Tí mi ò bá ráyè, ẹ pe bàbá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì pé kí wọ́n má tíì ṣíná sí i tẹ́ ẹ bá fi máa dé. Bẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, bí ẹ ṣe ń kí wọn ni kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti mú un gbóná ṣáájú nìyẹn, nǹkan kan wà tí wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Bó bá ṣe jí lótùútù, ẹ fetí sí iwájú ẹ́ńjìnnì, ṣéènì tó bá ti gùn máa ń pariwo kí epo ẹ́ńjìnnì tó gòkè. Dáṣíbọ́ọ̀dù W123 ní ibi tó ń fi agbára epo ẹ́ńjìnnì hàn, láti òdo sí 3, tẹ́ ẹ bá ti ń tẹná, ó yẹ kó lọ dúró sí 3 kó má kúrò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé. 230E yẹn kì í ṣe kábúrétọ̀, injẹ́ṣọ̀n ni, Bosch K-Jetronic, kò sí kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀ rárá, epo fúnra ẹ̀ ló ń ti nǹkan ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. Ó dáa púpọ̀ tí epo bá mọ́, tí omi bá wọ inú epo báyìí, ó ti di wàhálà. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó bá rí i máa ń fẹ́ yọ ọ́ kí wọ́n fi kábúrétọ̀ Peugeot sí i, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti bàbá. Ẹ wà á kó gbóná dáadáa, ẹ pa á, ẹ bá wọn jẹ àmàlà, bí ìṣẹ́jú ogún, ẹ wá ṣíná sí i. Tó bá ń yí ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ jí, ohun tó ń di epo mú lábẹ́ mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn ló ti rẹ̀, tàbí pọ́ọ́ǹpù. Ó ṣeé tún ṣe, àmọ́ owó ni.

Nọ́ńbà ṣáàsí wà lára ògiri irin lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ti 230E gidi, ẹ máa rí 123223 nínú ẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 102. Tó bá jẹ́ òmíràn lẹ rí, bàbá náà ti pa ẹ́ńjìnnì dà bíi tiyín.

RìwáyàTákìe

Ẹ gbìyànjú lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn ẹ̀ náà. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í kì í ṣe iná, tí rọ́bà kékeré kan bá ya, ẹ máa fọwọ́ tì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ìdí tí mọ́tò ò fi ní dáa o, ẹ kàn fi dín owó kù.

ỌmọỌ̀dàn

Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò dárúkọ Peugeot 504? Kàdúná ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní 1975, kò sí abúlé tí mẹkáníìkì ẹ̀ ò sí. Benz tó bá kọṣẹ́ ní Ìrèsà-Adú, ta ló máa tún un ṣe?

Ajílété109

504 ò sí lọ́wọ́ bàbá o, Benz ni wọ́n ní 😄 Màá jábọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ajílété109

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. A ti lọ, a ti dé. Ọ̀gá MẹkáníìkìSábó bá mi lọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an ni, bàbá náà sì gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọn ò bínú sí ohunkóhun tá a béèrè.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù nígbà tá a dé. Ó jí ní kíákíá, ṣéènì ò pariwo, epo ẹ́ńjìnnì lọ sí 3 ó dúró síbẹ̀. 123223 wà lára ẹ̀, 102 wà lára ẹ́ńjìnnì, injẹ́ṣọ̀n ilé ẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. Ihò jáàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le. Mágnẹ́ẹ̀tì já bọ́ níbi kan, etí táyà ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Nígbà tá a ká kápẹ́ẹ̀tì bùútù, omi wà nínú kòtò ọ̀tún, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì lu. Bàbá fúnra wọn yà lẹ́nu, wọ́n ní àwọn ti ń gbọ́ òórùn kan nínú mọ́tò ọjọ́ ti pẹ́, àwọn rò pé ẹja tí ìyàwó wọn rà l'Àkẹ̀sán ló dà sí i. Lẹ́yìn àmàlà, kò fẹ́ jí. Ó yí yí yí kó tó gbà. Ọ̀gá wò mí, mo wo ọ̀gá.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńbẹ̀ jù ni ti ìwé. Orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà ti di olóògbé, bàbá ní àwọn ló fi í sílẹ̀ fún.

BàbáÀkẹ̀sán

Olóògbé náà bí ọmọ?

Ajílété109

Mẹ́rin, bàbá. Ọ̀kan wà l'Ékòó, ọ̀kan wà n'Ílọrin, méjì wà l'Ọ́yọ́.

BàbáÀkẹ̀sán

Ó ti di ogún nìyẹn. Kì í ṣe pé mo ní bàbá náà ń purọ́ o, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n wọn fi lé wọn lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ tí kò bá sí ìwé tí olóògbé fọwọ́ sí, àwọn ọmọ ló ni ín lójú òfin títí wọn yóò fi gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní kóòtù gíga, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé kí bàbá ṣe é bó ṣe fẹ́. Ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe àkọ́bí nìkan. Bí o bá gbà á báyìí, tí o tún bùútù ṣe, tí o ra pọ́ọ́ǹpù, tí ọmọ Èkó wá dé lọ́dún mẹ́ta sí i tó ní òun ń wá mọ́tò bàbá òun, kí lo fẹ́ sọ? Land Rover rẹ ti lọ nígbà náà. Má bá bàbá jà. Sọ fún wọn pẹ̀lẹ́ pé kí àwọn ọmọ jókòó ná.

ÌyáKaṣú

Bàbá ti parí ẹ̀. Ẹ ṣé o.

Kí wọ́n tó jókòó yẹn, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa béèrè. Omi inú bùútù, pọ́tì etí táyà, àti kíkọ̀ tí kò fẹ́ jí lẹ́yìn àmàlà, gbogbo ẹ̀ lẹ máa kó síwájú wọn. Gbọọrọ kọ́ mọ́ nìyẹn.

Ṣakí4x4

Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì 2.25 yẹn ńkọ́? Ṣé bàbá mọ̀ pé ó wà?

Ajílété109

Wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo sọ ni ojú wọn là, wọ́n ní ìgbà tí àwọn wà níṣẹ́ ìjọba, irú Land Rover bẹ́ẹ̀ làwọn ń gùn, àwọn á fẹ́ dá a padà sí bó ṣe wà. Mo ti ń rò ó pé èmi máa fún wọn ní ẹ́ńjìnnì yẹn, àwọn náà á gba owó pọ́ọ́ǹpù àti iṣẹ́ bùútù sọ́rùn. Ṣé ó bọ́ sí i?

MẹkáníìkìSábó

Ó bọ́ sí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má gba owó lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ lọ ra pọ́ọ́ǹpù, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe ná, ká tún un jẹ àmàlà ká wò ó. Ọjà Araromi ní Gate n'Ìbàdàn ni kí wọ́n wá a lọ, kí wọ́n mú ti àtijọ́ dání lọ kí wọ́n fi wé e.

Páńẹ́ẹ̀lìÒwódé

Bùútù yẹn, mo wà l'Ówòdé, kí bàbá gbé e wá. Rọ́bà gíláàsì lẹ máa kọ́kọ́ pààrọ̀, tẹ́ ẹ bá rọ irin tẹ́ ẹ fi rọ́bà yẹn sílẹ̀, òjò ọdún tó ń bọ̀ á tún padà síbẹ̀.

Ajílété109

Ẹ káàbọ̀ ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ díẹ̀. Àwọn ọmọ olóògbé ti jókòó, ti Ìlọrin ló fẹ́ ṣe orí kunkun díẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó wà l'Ékòó ló yanjú ẹ̀, òun ló ń bá lọ́yà rìn lórí ìwé ogún yẹn báyìí. Èmi náà ti lọ búra lórí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì Toyota, láísẹ́ǹsì ti tún un kọ. A ti fẹnu kò pé Land Rover pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ni mo máa gbé wá, àwọn á tún Benz ṣe tán kí wọ́n tó gbé e wá, kí ìwé méjèèjì ti yí orúkọ padà lọ́jọ́ kan náà. Títí ìgbà yẹn, mọ́tò oníkálùkù wà lọ́wọ́ oníkálùkù. Fún oko, mo ti bá onípickup ìyá sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́.

MẹkáníìkìSábó

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan ṣẹ́kù. Bàbá wa nílùú Ọ̀yọ́, ìgbà tí wọ́n gun Land Rover gbẹ̀yìn ti pẹ́, wọ́n lè ti gbàgbé. Ẹ kọ́ wọn ní lífà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíá. Olórí yẹ́lò, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti ń fà nìyẹn. Wọn ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ lórí títì ọlọ́dà rárá, torí kò sí dífù láàárín iwájú àti ẹ̀yìn tó máa jẹ́ kí wọ́n yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí wọ́n bá ń yí kọ́nà, irin inú ẹ̀ á máa fà á mọ́ra wọn títí nǹkan kan á fi kán. Inú ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn nìkan. Tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́, kí wọ́n dúró, kí wọ́n fa olórí pupa sẹ́yìn pátápátá, kí wọ́n dá a padà síwájú, yẹ́lò á fò sókè fúnra ẹ̀.

Ajílété109

Mo ti gbọ́ ọ̀gá. Màá kọ ọ́ sínú pépà kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù fún wọn.

Ṣakí4x4

Ẹ kọ nọ́ńbà mi náà síbẹ̀. Tó bá sú bàbá.